Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Tó La Pápá Gọ́ọ̀fù Wa Kọjá

Ifọ̀,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ṣẹ̀rífátù, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó gbé ojú ìyá mi wá sáyé,

Mo kí ọ, mo kí Múṣáfáù ọkọ rẹ, mo sì kí pápá wa ní Mowe pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí èmi àti pápá yẹn ti jọ ń jí. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Ifọ̀ yìí, bí mo bá jí, mo máa ń yọjú wo fèrèsé kí n tó rántí pé ilé ẹlòmíì ni mo máa rí, kì í ṣe ihò kìíní. Á mọ́ mi lára lágbára Ọlọ́run.

Má wulẹ̀ béèrè ìdí tí Bàbá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. O mọ bí tiwa ṣe máa ń rí lórí fóònù. Màá sọ ọ̀kan, wàá sọ méjì, màá gbaná jẹ, ìwọ á ní, "Bàbá, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," wàá sì pa á. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa? Jókòó, bu omi tútù mu, kí o ka èyí tán kí o tó fèsì. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà, ó ní kí n má kọ ọ́ bí ẹni ń jà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí. Bàbá Káfáyà, àbúrò mi, ló wá bá mi láàárọ̀ àná pé búlọ́ọ̀kù ti dé sí pápá, pé àwọn bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sátidé. Ó ní o fẹ́ mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká, o fẹ́ gbé géètì síwájú, o sì fẹ́ dí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ihò karùn-ún kọjá. Ó ní àwọn oníbàárà tuntun tó ń ti Arepo wá ló sọ fún ọ pé bí ibẹ̀ bá ti ní géètì, àwọn á di ọmọ ẹgbẹ́, àwọn á sì mú àwọn ọ̀rẹ́ àwọn wá. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbá bọ́ọ̀lù kí àwọn tún máa dúró de ẹni tó ru igi. Inú Bàbá Káfáyà dùn débi pé ó pa òwe lé e: "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́." Mo ní aláǹgbá tèmi ò tiẹ̀ gba ara ògiri, àárín pálọ̀ ló jókòó sí, ó ń mu tíì mi.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo rìn yí ilé po bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Nígbà tó yá, mo rántí pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́ lójú ẹbí, tí mo ní láti ọjọ́ náà lọ ìwọ lo ni àṣẹ, mi ò ní wá máa jókòó sẹ́yìn rẹ kí n máa fa aṣọ rẹ. Mi ò yẹ ọ̀rọ̀ mi. Bí o bá mọ ògiri, o mọ ọ́ náà nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn nǹkan kan wà tí mo mọ̀ tí ìwọ ò mọ̀, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ wọ́n kí ó tó di Sátidé.

Èkíní, ibi tí pápá náà ti wá.

O mọ̀ pé bàbá mi, Lámídì, ló dá a sílẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n ṣe káádì l'Ékòó nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, pé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù òyìnbó ni wọ́n ń rù tẹ̀ lé e káàkiri. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ ọmọ wọn kò ju ìyẹn lọ. Èmi ni wọ́n sọ èyí tó kù fún, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni.

Pápá tí wọ́n ti ń ṣe káádì yẹn ní ògiri, ó ní géètì, ó ní mẹ́gáàdì. Ní ọjọ́ tí bàbá wọn kú ní Mowe níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló sáré wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó láti lọ pè wọ́n wálé. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Lámídì, bàbá wa ló kú." Mẹ́gáàdì ní àwọn òyìnbó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, òun ò lè jẹ́ kí obìnrin tí kò wọ bàtà kọjá sórí koríko, kó dúró. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde. Ó ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri, àbúrò rẹ̀ sì wà níbi tí igbe lè dé, ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì ní bó bá pariwo, iṣẹ́ Lámídì ti bọ́ nìyẹn. Ìgbà tí bàbá mi jáde ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí ara wọn. Kí wọ́n tó dé Mowe, wọ́n ti sin òkú. Erùpẹ̀ tútù ni wọ́n bá.

Wọ́n ní àwọn ò bínú sí mẹ́gáàdì náà, pé iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló ń ṣe. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí Ọlọ́run bá lè fún àwọn ní pápá, kò ní sí ẹni tó ń wá ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n á ní kó dúró síta. Bí mo ṣe ń kọ èyí, omi bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ ti rí i, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìyẹn ni wọ́n fi padà sílé. Wọ́n mú ilẹ̀ tó kàn wọ́n nínú ogún, ibi tí ẹ̀gẹ́ kì í ti í ta dáadáa, wọ́n ro ó, wọ́n ri agolo mílíìkì mọ́lẹ̀ níbi mẹ́ta, wọ́n fi ṣe ihò. Àwọn ará ilé ní ọmọ yìí ti lọ kó ìyà Èkó wálé, ó ń fi igi na ẹyin kiri inú oko. Ọlọ́run ò sùn. Tíṣà kan kọ́kọ́ wá wò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Tẹ́lọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta... àṣìṣe ni mo kọ, kẹ̀kẹ́ ò tíì dé nígbà yẹn, àwọn dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni mo fẹ́ kọ. Ihò mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́sàn-án. Ẹni tó ní ọ̀pá á gbé tirẹ̀ wá, ẹni tí kò ní á yá ti bàbá mi.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Òun làwọn ará abúlé ẹ̀yìn ń gbà lọ sóko, òun náà ni wọ́n ń gbà gbé ẹrù wá sọ́jà. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù bẹ bàbá mi títí pé kí wọ́n darí ọ̀nà gba ibòmíràn. Bàbá mi ní ẹni tó bá ní kí ọ̀nà kúrò níbẹ̀ ni kó kúrò níbẹ̀. Wọ́n wá ṣe òfin kan tí ìwọ fúnra rẹ dàgbà sínú rẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹni tó ru ẹrù lọ́ọ̀ọ́kán á kígbe, "Ẹrù dé o!" Gbogbo ẹni tó wà ní ihò kẹrin àti ìkarùn-ún á sọ ọ̀pá kalẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n fi tẹlẹ̀ o, kalẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì kí ẹni náà títí á fi kọjá. Ẹlẹ́rù kì í dúró de bọ́ọ̀lù. Báyìí ni mo ṣe rí ìyá rẹ. Ó ru àpò iṣu, mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o." Kò wò mí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun wò mí dáadáa, èmi ni mi ò mọ̀.

Èkejì, ìtìjú tí kò nídìí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, wá wo kòtò tèmi yìí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, ohun tó máa ń dun mi ní pápá wa ni pé ibi tí ihò wà kò ní koríko. Iyanrìn ni, tí a pò mọ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì bá fà jáde nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé iyanrìn lọ, kí bọ́ọ̀lù sì lè yí geere. Àwọn mẹkáníìkì Ìbafò ló ń gbé e wá. Bí wọ́n bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì sílẹ̀, wọ́n á gbá ihò mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́, àdéhùn wọn pẹ̀lú bàbá mi nìyẹn. Èmi ọmọ pólì wá ní àbùkù gbáà ni, pé àwọn ènìyàn pàtàkì ò lè wá síbi tí bọ́ọ̀lù ń yí lórí ọ́ìlì mọ́tò. Mo bẹ bàbá mi kí n gbin koríko òkè òkun. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé." Bí bàbá bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, kí ọmọ yáa sá padà. Èmi ò sá.

Ha! Koríko náà dáa nígbà òjò. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kànga gbẹ, koríko di àwọ̀ bíi bísíkíìtì. Èyí tó kù, àwọn ewúrẹ́ abúlé wá bá mi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ ti gbọ́ ìròyìn koríko tuntun ṣáájú àwọn ènìyàn pàtàkì tí mò ń retí. Ohun tó wá burú jù ni pé a ò gba ọ́ìlì mọ́, nítorí náà àwọn mẹkáníìkì ò ní ohun tí wọ́n ń bá wá. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn dẹ́kun àtimáa wá ni. Ọjọ́ Àìkú á dé, pápá á dá páropáro, èmi àti bàbá mi á máa wo ara wa.

Mo lọ sí Ìbafò lọ bá Ọ̀gá Sùlè, olórí wọn. Ó wà lábẹ́ lọ́rì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo kí i. Ó ní, "Ta nìyẹn? Bàtà tó mọ́ báyìí, kì í ṣe oníbàárà mi." Mo ní èmi Ráímì ọmọ Bàbá Lámídì ni. Ó ní, "Áà, ẹ kú koríko o." Àbẹ̀kẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà nínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ìgbà tó yọrí síta tó rí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Mo fi ọwọ́ mi po iyanrìn náà, bàbá mi ò sì fi ọ̀rọ̀ koríko náà bú mi rí títí wọ́n fi jáde láyé.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Mi ò sọ pé kí o má ṣe nǹkan tuntun o. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Àwọn ọmọ iléèwé Òkè-Àró tí o ń kó wá kọ́ ní bọ́ọ̀lù gbígbá, èmi ò lè ronú ẹ̀ láyé mi. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí o tún ṣe, iná oòrùn tí o gbé sórí ilé, gbogbo rẹ̀ ló wú mi lórí, mo sì ti fi yangàn ní mọ́ṣáláṣí débi pé Lèmọ́mù ní kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o tó lé oníbàárà kan nítorí òmíràn, wo ohun tí ẹni tí o fẹ́ lé ń gbé wá fún ọ. Ó lè má jẹ́ owó.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ Múṣáfáù. Má gbé pápá wọ yàrá. Ọkọ rẹ ti fi Àjùwọ̀n sílẹ̀ tẹ̀ lé ọ wá sí Mowe, ó sì ń lọ Èkó ń bọ̀ lójoojúmọ́ nítorí tìrẹ. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, jẹ́ kó jẹun kó simi kí o tó sọ fún un pé ọmọ iṣẹ́ ò wá. Èmi máa ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ koríko lórí ẹní, ìyá rẹ á yíjú sí ògiri, màá rò pé ó ń ronú lórí ohun tí mo sọ. Ó ní òun ń sùn ni. Ọkùnrin dáadáa ni Múṣáfáù, máa yìn ín lójú ara rẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.

Ìkẹrin ni kí o má fi bàtà díwọ̀n ènìyàn. Mo gbé pátákó kan síbẹ̀ nígbà kan pé ẹni tó wọ sílípáàsì ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì bàbá mi jáde wá pẹ̀lú sílípáàsì, wọ́n dúró síwájú pátákó náà, wọ́n kà á sókè bí ọmọ iléèwé, wọ́n wá ní, "Ráímì, lé mi." Mo fa pátákó tu lójú wọn, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Èyí tó kù yìí ló ká mi lára jù. Mi ò mọ iye tó jẹ́ mọ́, ìkarùn-ún ni àbí ìkẹfà, jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

O wà ní yunifásítì nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìdánwò àṣekágbá lo sì ń ṣe, ìyá rẹ ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Nígbà tí o dé, ọ̀rọ̀ ti tutù, a fi sílẹ̀. Àwọn ajagungbalẹ̀ wá. Wọ́n gbé katapílà wá láti ẹ̀yìn, lápá ihò karùn-ún, wọ́n ní ẹnì kan ti ta ilẹ̀ náà fún àwọn, pé àwọn á fọ́ ọ sí púlọ́ọ̀tì. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú wọn, mò ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan fọwọ́ tì mí lójú àyà, mo jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Àwọn tí wọ́n wá kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bẹ̀. Mo rò pé ó parí.

Àsìkò tí àwọn obìnrin abúlé ẹ̀yìn ń ti oko bọ̀ ló bọ́ sí. Ìyá Gbèmí ló ṣíwájú. O mọ̀ wọ́n, ìyá arúgbó tó máa ń wọ fìlà ọkùnrin nítorí oòrùn. Àpò gàrí ló wà lórí wọn. Wọ́n rí mi nílẹ̀, wọ́n rí katapílà. Wọn ò sáré, wọn ò pariwo. Wọ́n rọra sọ gàrí wọn kalẹ̀ sójú ọ̀nà gan-an, níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì jókòó lé e. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń dé, ẹni tó ru igi sọ igi kalẹ̀, ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, títí ẹrù fi dí ọ̀nà pa.

Olórí àwọn ajagungbalẹ̀ ní, "Màmá, ẹ dìde, wọ́n ti ta ilẹ̀ yìí."

Ìyá Gbèmí ní, "Ta ló tà á? Ọ̀nà oko wa nìyí, èmi ò sì tíì ráyè tà á. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé nǹkan yín kúrò, ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ simi."

"Màmá, ẹ̀rọ yìí ò mọ àgbà o!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé e lórí ńkọ́? Ta ni ìyá yín? Ará ibo ni?"

Ọmọkùnrin tó ń wa katapílà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní òun ò lè gun orí ìyá àgbà. Kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn láàárín ara wọn, ọmọ Ìyá Gbèmí ti sáré dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, baálẹ̀ ti pe ọlọ́pàá, àwọn mẹkáníìkì Ìbafò náà ti dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú irin ìtú-táyà lọ́wọ́. Àwọn yẹn lọ, wọn ò padà wá di òní. Bàbá Káfáyà wà ní Ifọ̀ níbí níjọ́ náà. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Mo lọ sílé Ìyá Gbèmí lọ́jọ́ kejì lọ dúpẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló mú wọn fi ara wọn wewu nítorí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń ru ẹrù kọjá níbẹ̀. Bàbá yín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wa dúró kí ẹrù máa wọ̀ wá lọ́rùn rí. Ẹ fẹ́ ká máa wò wọ́n ni?"

Bí ògiri bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá rí mi nílẹ̀? Ọ̀nà ẹ̀yìn ni Ìyá Gbèmí ì bá gbà, wọn ì bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ, wọn ì bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ìwọ rò pé ọ̀nà yẹn ń ti ènìyàn wọlé bá wa. Òótọ́ ni. Àwọn ènìyàn náà ló sì ń ṣọ́ wa, wọn ò gbowó oṣù, wọn ò wọ yunifọ́ọ̀mù.

Àwọn ará Arepo yìí ńkọ́? Mi ò kà wọ́n sí ọ̀tá. Iṣẹ́ Èkó ti mú wọn, wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n á ti mí. Ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ ti jókòó sọ fún wọn ìdí tí a fi ń sọ ọ̀pá kalẹ̀? Mo fẹ́ dá ọ lẹ́bi, mo wá rántí pé èmi náà ò sọ fún ìwọ. Pè wọ́n, gbé mínírà sílẹ̀, kí o sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kó kúrò níbẹ̀, mo rí ọ̀kan nínú wọn, èyí pupa tó máa ń wọ fìlà bulúù, tó fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀, tó lọ bá ìyá kan gbé igi padà sórí nígbà tó jábọ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Bí ọ̀kan bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù lè kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè kọ́ ọ nínú wọn, jẹ́ kó wá géètì lọ síbòmíràn, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ti búlọ́ọ̀kù, kò ní ṣòfò. Láti ayébáyé ni àwọn obìnrin tó ń wá sí pápá wa ti ń yá ṣáláńgá ilé wa lò. Kọ́ tiwọn fún wọn. Bó bá ṣẹ́ kù, fi ṣe ìjókòó abẹ́ igi máńgòrò níbi ihò karùn-ún, kí ẹni tó ru ẹrù lè sọ ọ́ lé e lórí kó sì gba atẹ́gùn sára. Ìyá rẹ ló mú àbá èyí wá. Mo ní màá kọ ọ́ bíi pé èmi ni mo ronú rẹ̀, ó ní kò burú.

Ṣẹ̀rífátù, ó ku nǹkan kan. Bàbá Káfáyà bi mí láàárọ̀ àná kó tó lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wí sí ògiri yìí? Gbogbo ẹbí ń dúró de ohùn yín." Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mi ò fẹ́, wọ́n á fò mọ́ ọ lórí lọ́la. Wọ́n á ní obìnrin ni, ọmọ kékeré ni, kí ọkùnrin kan wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ohun tí Àbẹ̀kẹ́ bá ṣe, èmi ni mo ṣe é. Mi ò sọ fún un pé mo máa kọ lẹ́tà. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo bẹ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ bí o bá kọ̀ fún mi.

Bí o bá kà á tán tí ọkàn rẹ ṣì wà lórí ògiri, pè mí ní Jímọ̀. Màá dé lọ́wọ́ àárọ̀ Sátidé. Ọwọ́ mi ni màá fi gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀, màá ṣe àdúà sí i, mi ò ní fa ojú ro, ẹni tó bá sì la ẹnu burúkú sí ọ níbẹ̀ á rí ìbínú mi. Mo fẹ́ràn pápá yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí.

Tí a bá wá ṣetán, má ṣe sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ gbé mi. Màá dúró de Ìyá Gbèmí, màá bá wọn ru gàrí wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí ògiri máa lé wọn sí, kí n lè mọ bó ṣe jìn tó.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Ráímì ọmọ Lámídì.